Ta Ni Kò Mọ Àwòrán Kà? Powerman àti Àwọn Ọdẹ Fágúnwà

Ní ọdún 1938, ìwé méjì jáde ní ìlú méjì tí kò gbúròó ara wọn. Ọ̀kan jáde ní Èkó, láti ilé ìtẹ̀wé àwọn C.M.S.; Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, olùkọ́ ilé-ìwé, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, ni ó sì kọ ọ́. Èkejì jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tà ní sẹ́ńtì mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní Action Comics. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel tí ó kọ ìtàn àti Joe Shuster tí ó ya àwòrán, ti kọ́kọ́ fi Superman han ayé. Ohun kan náà ni ìwé méjèèjì ń ṣe: wọ́n gbé ọkùnrin kan kalẹ̀ tí agbára rẹ̀ ju ti ẹlẹ́ran ara lọ, wọ́n sì pe ènìyàn wá wò ó. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ẹsẹ̀ tí ti Amẹ́ríkà fi rìn, ọ̀rọ̀ sì ni ti Fágúnwà. Ìdí tí àwọn akọni Fágúnwà kò fi sọ̀kalẹ̀ sínú àwòrán nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé àjòjì ni ó wá ya akọni fún àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kò tíì fi ìkà kan bẹ́ẹ̀.

Bí ènìyàn bá kọjá títì láti ẹnu-ọ̀nà ńlá Yunifásítì Ìbàdàn bọ́ sí Àgbowó, yóò rí ìsọ̀ lórí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ń dì í bí ìwé gidi. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìwé pẹlẹbẹ kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sì ń wá ìtàn aláwòrán tí akọni inú rẹ̀ ń sọ Yorùbá yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Ìtàn aláwòrán tí à ń wí yìí kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi àwòrán díẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ojú àwòrán ni ó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ jàra, ọ̀kan ń ti èkejì síwájú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì wà nínú àpò funfun lókè orí wọn. Kọ́míìkì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é.

Ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí Siegel àti Shuster jẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ Júù ni àwọn méjèèjì, ọmọ àwọn tí ó ṣí kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù wá tẹ̀dó sí òkè òkun. Wàyí o, ta ni Superman? Ọmọ ọwọ́ ni, tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ wọn ń parun. Ó balẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, ó sì kọ́ bí a ti ń ṣe bí onílé. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa àwọn tí ó dá a sílẹ̀ yóò gbọ́ òórùn ìrìn-àjò àwọn òbí wọn lára rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó lè gbé ọkọ̀ mọ́tò sókè ni ó fi wọ àwọn ènìyàn lára. Ìrora tí wọ́n mọ̀ ni ó wà lábẹ́ aṣọ aláràbarà yẹn. Dọ́là 130 ni wọ́n fi ta gbogbo ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ ní ọdún 1938, títí di ọdún 1975 ni wọ́n sì ń jà kí wọ́n tó fún wọn ní owó ìfẹ̀yìntì ọdọọdún, tí orúkọ wọn sì padà sí orí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Ní ọdún 1934, Lee Falk bẹ̀rẹ̀ ìtàn Mandrake onídán nínú àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ó sì fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lothar tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n pe Lothar yìí, alágbára tí kò ní ẹlẹgbẹ́. Àfi bí ó ti fi oyè sílẹ̀ láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ onídán, tí ó wọ awọ ẹkùn, tí ó dé fìlà pupa, tí kò sì mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ tààrà. Yorùbá kankan yóò béèrè irú ọmọ ọba tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, Orrin C. Evans, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia, kó àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣe All-Negro Comics, nínú èyí tí Lion Man, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, ti lọ ń ṣọ́ òkè kan ní Gold Coast. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó jáde. Ó di ọdún 1966 kí Stan Lee àti Jack Kirby tó mú Black Panther jáde, ọba ilẹ̀ Áfíríkà tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó jọba lé lórí kò sí nínú ìwé àwòrán ayé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ọdún 1975 dé. Ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ kan ní London, Bardon Press Features, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé kọ́míìkì kan fún títà ní Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ akọni náà, aláwọ̀ dúdú ni, alágbára ni. Don Avenell àti Norman Worker ni ó ń kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí iṣẹ́ àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni ó ń yà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Òyìnbó ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nǹkan kan wà nínú ìwé náà tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó tóbi ju gbogbo ìjà inú rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ìsàlẹ̀ ewé. Wọ́n sì ní kí àwọn ayàwòrán náà ya á kí ó rọrùn, kí ó má lọ́jú. Ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán náà fúnra wọn ti ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni pé wọ́n gbà pé àwọn tí ìwé náà ń lọ bá kò tíì mọ bí a ti ń ka ìtàn nínú àwòrán. Wọ́n rò pé bí kò bá sí nọ́ńbà, ọmọ Nàìjíríà kò ní mọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó kẹ́yìn.

Nọ́ńbà yẹn ni ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ dúró lé lórí. Ènìyàn kì í kọ nọ́ńbà sí ojú àwòrán fún ẹni tí ó bá kà sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bàbá kan bá ń pa àlọ́ fún ọmọ rẹ̀, tí ó wá ń sọ pé, "èyí ni ọ̀rọ̀ kìíní, èyí ni ọ̀rọ̀ kejì," ọmọ náà yóò mọ̀ pé bàbá òun rò pé òun kò gbọ́n. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí kò sì ṣòro láti já. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ jaburata.

Láti ọdún 1944 ni Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú sínú West African Pilot, tí àwọn òǹkàwé sì ń rí ìgbá tí ó ń ta sí àwọn aláṣẹ. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Drum ń tẹ African Film, ìtàn tí wọ́n fi fọ́tò sọ dípò àwòrán ọwọ́, nínú èyí tí Lance Spearman, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Spear, ń dọdẹ àwọn ọ̀daràn pẹ̀lú fìlà àti sìgá rẹ̀. Wọ́n ní Boom pẹ̀lú, tí Fearless Fang inú rẹ̀ ń jà nínú igbó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà ń ya á lọ́wọ́ ara wọn títí tí ewé rẹ̀ fi ń tú. Nígbà tí ó sì di ọdún 1967, Atọ́ka dé. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí. Yorùbá ni Atọ́ka ń sọ. Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ ni ó kọ́kọ́ ṣe olóòtú rẹ̀. Àwọn òṣèré tíátà alárìnjò ni ó wà nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára fọ́tò náà gan-an. Láti ọdún 1967 títí di ọdún 1991 ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni Atọ́ka ti lò lọ́jà kí Powerman tó dé pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn Powerman, ní 1976, Wálé Adénúgà mú Ikebe Super jáde, àwòrán ọwọ́ pọ́ńbélé, ó sì tà bí àkàrà gbígbóná.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí ọ̀làjú òyìnbó mú wá ni kí Yorùbá máa fi ojú àwòrán tò ọ̀rọ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó pín in sí ojú àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi hàn bí Ògògà ti gba òyìnbó aláṣẹ lálejò: ọba lórí ìtẹ́, òyìnbó nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé e, àwọn aláàárù pẹ̀lú ẹrù lórí. Lóòótọ́, ojú ilẹ̀kùn kì í ṣe ìtàn tí a ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ti kọ́míìkì. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi àpọ́nlé ba òtítọ́ jẹ́. Síbẹ̀ ojú tí ó mọ ilẹ̀kùn yẹn kà kò nílò nọ́ńbà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní ọdún 1924, ọwọ́ British Museum ni ó sì wà láti ìgbà náà, ní ìlú London kan náà tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sí ojú àwòrán Powerman.

Àwọn olùkọ́ pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn. Ní ọdún 1954, ọ̀gbẹ́ni oníṣègùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Fredric Wertham, tẹ ìwé kan jáde láti fi hàn pé kọ́míìkì ń sọ àwọn ọmọ di ọ̀daràn, àwọn òǹtẹ̀wé sì fi ìbẹ̀rù gbé òfin kalẹ̀ fún ara wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Bírítéènì ṣe òfin tirẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí dé ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ tí ó fi African Film pamọ́ sínú ìwé ìṣirò yóò gbà á, yóò na ọmọ náà, yóò sì gbé ìwé náà lọ sílé lọ kà. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn tí ó mọ Yorùbá jù lọ ka àwòrán sí ohun ọmọdé, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn níhìn-ín, Fágúnwà fúnra rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Onímọ̀ èdè wà, owó ìjọba wà, ẹ̀rọ wà. Kò sí ẹni tí ó ronú pé kí wọ́n fún Àkàrà-oògùn ní ojú àwòrán ogún, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa rìn.

Kí ó má bàa jẹ́ pé ẹ̀gàn nìkan ni wọ́n fi sin Powerman, ó tọ́ láti sọ ohun tí ó ṣe dáadáa. Ó fún ọmọ dúdú ní akọni tí ó dúdú, tí kò tẹ̀lé òyìnbó kankan lẹ́yìn, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré lẹ́yìn Lothar. Àwòrán rẹ̀ mọ́, ó yé ni. Ìjà kò dàrú mọ́ òǹkàwé lójú. Àwọn tí ó yà á náà kò pẹ́ di ọ̀gá. Bolland ya Batman nínú The Killing Joke ní 1988. Gibbons ya Watchmen láàárín 1986 sí 1987, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń yìn nítorí bí ojú àwòrán mẹ́sàn-án ṣe ń tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ewé kan tí ohunkóhun kò sì ṣì. Ẹni tí ó bá ti rí i yóò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọwọ́ náà ti kọ́ sùúrù. Àwọn tí wọ́n rò pé kò mọ àwòrán kà ni ó ra ìwé tí ọwọ́ wọn fi yọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, owó ilé-ìwé wọn ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wá.

Nígbà tí wọ́n sì tún ìwé náà tẹ̀ fún àwọn ará Bírítéènì ní 1988, wọ́n pa orúkọ akọni náà dà sí Powerbolt, nítorí pé Luke Cage ti àwọn Marvel ti ń jẹ́ Power Man láti ọdún 1974. Ní ilẹ̀ tí orúkọ ọmọ ti máa ń ro ọmọ, ẹni tí a lè yí orúkọ rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ohun kankan yí padà lára rẹ̀ kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọba rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò sì dá lọ. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn bá a lọ. Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n bá a lọ. Olóhùn-iyọ̀ tí orin rẹ̀ ń mú ẹ̀dá jó bá a lọ. Elégbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ̀yẹ̀ tafàtafà, àti Àràmàǹdà-òkùnrin. Ọdẹ méje, ẹ̀bùn méje, iṣẹ́ kan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1940, ni àwọn òǹtẹ̀wé Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kó àwọn akọni wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n pè ní Justice Society, ayé sì kà á sí ọgbọ́n tuntun. Fágúnwà ti ṣe é ní Yorùbá ṣáájú wọn. Ó tilẹ̀ mọ ọgbọ́n tí àwọn oníkọ́míìkì fi ń di òǹkàwé mú: Àkàrà-oògùn yóò sọ ìtàn dé ibì kan, yóò dúró, yóò ní ó di ọjọ́ kejì, àwọn tí ó padà wá gbọ́ ọ yóò sì pọ̀ ju ti àná lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọdẹ méje yìí àti Powerman kò sí nínú agbára, nítorí pé agbára kò wọ́n nínú ìwé méjèèjì. Ó wà nínú ìdílé agbára náà. Bàbá Àkàrà-oògùn jẹ́ ọdẹ, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Ohun tí ó lè ṣe ti inú ilé wá, ìtìjú àti ẹ̀rù rẹ̀ sì bá a wá. Agbára Kàkó kò mọ́ rárá: nígbà tí obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, ó pa á, ó sì bá ọ̀nà lọ. Òǹkàwé kò lè gbàgbé ìyẹn, kò sì mọ bí òun yóò ti máa yìn ín lẹ́yìn rẹ̀. Onígboyà ni, apààyàn sì ni. Superman kò ní irú àbàwọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn oníkọ́míìkì Amẹ́ríkà tó gbà pé akọni lè jẹ́ ẹlẹ́bi, nígbà tí wọ́n sì gbà á, Watchmen tí Gibbons yà wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó yani lẹ́nu pé ohun tí wọ́n pè ní ìdàgbà kọ́míìkì ní 1986 ti wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kà ní ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn ayàwòrán gbìyànjú láti fi ojú rí Fágúnwà. Àwòrán wà nínú àwọn ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ Nelson tẹ̀, Bruce Onobrakpeya sì ṣe àwọn àwòrán tí ó lágbára sínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968. Ṣùgbọ́n àwòrán adádúró ni gbogbo wọn. Iwin yóò dúró, òǹkàwé yóò wò ó, yóò ṣí ewé. Orí ìtàgé ni ibi tí irú ìtàn yìí ti kọ́kọ́ rìn lójú ènìyàn. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe eré Lánke Ọ̀mu láti inú ìwé Amos Tutùọlá ní ilé eré Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Àgbowó. Atọ́ka gbé irú òṣèré bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, èyí sì dára. Àmọ́ ẹ̀rọ fọ́tò kò lè ya ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Bí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún bá fẹ́ jáde nínú Atọ́ka, àfi kí wọ́n wá òṣèré kan, kí wọ́n kun ojú sí i lára. Kálàmù nìkan ni kò ní gbèsè yìí. Níbi tí ó yẹ kí kálàmù ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ fọ́tò ni ọ̀nà ti já.

Wọ́n ti ń so ó padà báyìí, lọ́nà kan. Comic Republic bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2013. Roye Okupe, ọmọ Èkó tí ó ń gbé Amẹ́ríkà, dá YouNeek Studios sílẹ̀, ó sì mú Iyanu jáde ní 2021 pẹ̀lú àwòrán Godwin Akpan. Ní 2025 ó di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin aláìlóbìí ni Iyanu, ilẹ̀ tí ó ń rìn jọ ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, aṣọ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀yìn Yorùbá. Èyí kì í ṣe Powerman mọ́: ẹni tí ó dá a sílẹ̀ mọ ilé tí ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí Siegel ti mọ̀. Àwòrán náà lẹ́wà, ó sì yẹ kí inú gbogbo ọmọ Oòduà dùn sí i. Síbẹ̀, ó di dandan láti sọ pé orúkọ rẹ̀ wà lórí èèpo ìwé láìní àmì ohùn, àti pé nígbà tí ọmọ náà bá la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jáde. Nínú kọ́míìkì, ẹnu akọni kì í ṣe ohun ẹ̀gbẹ́. Ìdajì iṣẹ́ ni.

Àwọn kan yóò dáhùn pé Yorùbá kò ní gba inú àpò ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán. Nínú Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní 1949, kí Olówó-ayé àti Èṣù-kékeré-òde tó fọwọ́ kan ara wọn, ìfọ́nnu ni wọ́n fi kọ́kọ́ jà, ìfọ́nnu tí ó gùn, tí ó ń yí, tí ó ń padà. Bí wọ́n bá tú u sínú àpò funfun, àpò náà yóò bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Àmì ohùn tún ni. Lẹ́tà ńlá ni àwọn oníkọ́míìkì fi ń kọ ọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń fún ìlà pọ̀. Bí olùkọ̀wé bá gbàgbé àmì kan, Kàkó tí ó yẹ kí ó ju ọ̀kọ̀ lu iwin yóò ju ọkọ̀ lù ú, tàbí kí ó tilẹ̀ ju ọkọ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ìṣòro ọwọ́ ni èyí, ọwọ́ ni yóò sì yanjú rẹ̀: kí ìlà jìnnà síra díẹ̀, kí lẹ́tà kéékèèké rọ́pò ńlá, kí ìfọ́nnu pín sí ojú àwòrán mẹ́fà, tí àwọn oníjà yóò sì máa sún mọ́ ara wọn bí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Oníjálá máa ń mí láàárín gbólóhùn. Níbi tí ó bá ti mí ni kí ayàwòrán fa ìlà.

Ohun tí Yorùbá yóò fún kọ́míìkì ju èyí tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn oníkọ́míìkì Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti kọ ìró sí ẹ̀gbẹ́ ìjà, ọ̀rọ̀ bíi pow àti bang, ó sì ti sú ènìyàn nítorí pé wọn kò pọ̀. Nínú Yorùbá, ohun wúwo ṣubú gbì, aṣọ ya fàà, ẹni tí a kò rí dáadáa kọjá fìrí, akọni dúró gbọn-in. Fìrí kì í ṣe ìró, gbọn-in kì í sì í ṣe ìró. Ọ̀nà tí nǹkan gbà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n jẹ́, ó sì jẹ́ pé ohun tí àwòrán adádúró kò lè fi hàn gan-an nìyẹn. Gbogbo olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọmọ ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó, tí wọn kò sì ní ibi tí wọn yóò kọ wọ́n sí ju àárín gbólóhùn lọ. Kọ́míìkì yóò fún wọn ní àyè tiwọn lójú àwòrán, kí wọ́n dá dúró, kí wọ́n tóbi tàbí kí wọ́n kéré bí agbára wọn bá ti mọ.

Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tí ó pọ̀ jù ní Àgbowó kì í tẹ àwọ̀. Dúdú àti funfun ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ya aṣọ Ṣàngó lórí rẹ̀ yóò rí i kí ó jáde bí èédú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ fòò sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, kò sí Yorùbá tí kò ní rí i ní pupa. Bí ó bá sì fẹ́ parí ìjà, tí iwin ti kú, tí àwọn ọdẹ méje dúró tí wọn kò mọ ohun tí ó kàn, yóò fi ojú àwòrán kan sílẹ̀ láìyà nǹkan kan sí i. Ọ̀rọ̀ kan ni yóò kọ sí àárín rẹ̀, kékeré, láìsí àpò, láìsí ẹnu tí ó sọ ọ́: lọ́lọ́.